Kí Ni Kí Ìyàwó Máa Pe Àkúdàáyà?

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ ìtàn ìfẹ́ láàárín alààyè àti ẹni tí kì í ṣe alààyè. Bí mo bá sọ ọ́ báyìí fún èèyàn, yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà yóò fọgbọ́n wo ẹsẹ̀ mi bóyá ó kanlẹ̀. Ó kanlẹ̀. Mo ti lé ní ogójì ọdún, Alákia ni mò ń gbé, níbi tí bàálù ti ń fò kọjá lórí òrùlé wa bí ẹni pé ó fẹ́ wo ohun tí a sè, mi ò sì ní ọkọ nílé. Ohun tí mo ní ni àwọn òǹkàwé lórí Wásáàpù, tí mo máa ń fi orí kan ránṣẹ́ sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ìtàn bá parí, màá kó o jọ di ìwé. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, wọn ò sì ní sùúrù. Bí mo bá pẹ́ díẹ̀, wọ́n á máa bi mí bóyá ara mi ò yá ni, àbí ẹ̀mí àìrí ti gbé mi lọ.

Àwọn alààyè inú ìtàn mi kì í fún mi ní wàhálà. Inú kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mo ti máa ń rí wọn. Nígbà kan, obìnrin kan gbé àpò gààrí lé mi lẹ́sẹ̀ láti Olódó dé Alákia láì tọrọ àyè, ó wá ń bá mi káàánú ní gbogbo ojú ọ̀nà pé ọ̀nà yìí ò dáa fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín bíi tèmi. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, mo ti mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ìyàwó inú ìtàn mi nìyẹn. N kì í mú odidi èèyàn. Mo máa ń mú bó ṣe ń kíni, ohun tó máa ń bí i nínú, àti irọ́ tó máa ń pa láìnídìí. Bí mo bá ti mọ irọ́ tí èèyàn ń pa láìnídìí, yòókù á máa tẹ̀ lé e fúnra rẹ̀.

Ara àwọn tí kì í ṣe alààyè ni iṣẹ́ wà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ irú ìtàn yìí á rò pé kí ojú ọkùnrin náà ṣáà máa tàn, kó máa gba inú ògiri kọjá, ó ti parí. Kò parí. Kò sí obìnrin tó máa fẹ́ ẹni tó ń gba inú ògiri kọjá bí kò bá mọ irú ọbẹ̀ tí kì í jẹ. Òkú tí èèyàn máa fẹ́ràn gbọ́dọ̀ wúwo. Bó bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì, kí bẹ́ǹṣì ké. Kó ní ẹni tí kì í kí láàárọ̀. Kó máa hanrun. Mo ti fi iwin inú odò jẹ ọkọ rí nínú ìtàn kan, ohun tó jẹ́ kí àwọn òǹkàwé gbà á ni pé kò lè fara da kí wọ́n fi abọ́ sílẹ̀ láìfọ̀.

Èyí tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, àkúdàáyà ni ọkọ inú rẹ̀. Gbogbo wa la ti gbọ́ nípa wọn láti kékeré: ẹni tó kú sí ìlú kan kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, tó wá lọ ń gbé ìlú mìíràn, tó ń ṣiṣẹ́, tó ń fẹ́yàwó, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, títí ará ilé rẹ̀ kan á fi ṣèèṣì rí i. Ọjọ́ tí wọ́n bá rí i ló ń pòórá. Ìyàwó inú ìtàn tèmi ń ṣe gààrí ní Àkànrán. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, ó lọ ra pákó ní Lálúpọn, ó sì bá ọkọ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú, pẹ̀lú ojú tó fi kú, kò dàgbà sí i rárá.

Bí mo bá tẹ̀ lé ohun tí àwọn àgbà sọ, ó yẹ kó pòórá lójú ẹsẹ̀, ìtàn á sì parí ní orí kìíní. Mo wá ṣe òfin tèmi: àfi bí ìyàwó bá pe orúkọ rẹ̀ ni yóò pòórá. Inú mi dùn sí òfin yìí gan-an. Ìyàwó wo ló ń pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ nílẹ̀ wa? Ó lè bá a gbé títí ayé. Kó ṣáà máa ní "ẹ káàbọ̀", "ẹ jọ̀ọ́", "ẹ wá jẹun".

Àmọ́ ọkùnrin náà ò láàyè. Mo mọ̀ pé òkú ni, ṣùgbọ́n òkú inú ìwé gbọ́dọ̀ láàyè. Mo mú ìrìn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ní Ẹgbẹ́dá, mo mú ẹ̀rín awakọ̀ kan, mo mú èjìká ọkùnrin kan tí mo rí tó ń ṣe àlùwàlá ní Àkànrán, mo rán gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó wá dà bí ẹni tó wọ òkìrìká, kò sí èyí tó bá a lára mu. Àwọn òǹkàwé mi náà rí i. Ọ̀kan ní ó jọ fọ́tò olóṣèlú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ó dáa títí kò ní ìtumọ̀. Òmíràn ní òun fẹ́ràn ìyàwó o, àmọ́ kí ọkọ kúkú máa padà sọ́run kó lọ sinmi. Mo bínú. Mo fẹ́ fún un lésì, mo wá ka orí náà lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì rí i pé èmi náà ì bá ní kó máa lọ.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń ta mí. Bàbá mi kú nígbà tí mo ṣì ń rákòrò. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Kẹ̀kẹ́ ológeere ló ń tún ṣe ní Ìrókò, ibà kan ló mú un ní àkókò òjò, ibà náà ò sì tú u sílẹ̀. Ikán ti jẹ fọ́tò kan ṣoṣo tó ní. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀, ẹnu màmá mi ló ti wá, gbólóhùn mẹ́ta kan náà sì ni: wọ́n dáa, wọn kì í bá èèyàn jà, wọ́n mọ iṣẹ́ wọn. Ìyàwó tó ní ẹ̀kọ́ ilé kì í sọ "ó" nípa ọkọ, "wọ́n" ló ń sọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé bàbá mi pọ̀ ni. Mo máa ń fojú inú wo àwọn ọkùnrin kan tó tò lọ bẹẹrẹ, tí gbogbo wọn dáa, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kì í bá èèyàn jà. Mi ò rí ẹnì kan dì mú nínú wọn.

Mo nílò ọkùnrin kan fún ìwé mi, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ gan-an ni bàbá mi. Màmá mi ti ń gbàgbé ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí, ó ti ń pe ọmọ ilé kan lórúkọ èkejì, ẹ̀rù sì ń bà mí pé bí gbólóhùn mẹ́ta yẹn bá lọ, kò ní ku nǹkan kan. Mo ti bi í títí. Bí mo bá bi í ní Ìrókò, á ní kí n jẹ́ kí òkú sinmi. Bí mo bá bi í lórí fóònù, á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.

Bàálù ló bá mi bẹ màmá mi wá. Bí mo ṣe máa ń ṣiṣẹ́ ni pé mi ò lè kọ ọ̀rọ̀ tí ẹnu mi ò bá kọ́kọ́ sọ. Màá gbé ẹ̀gúsí kalẹ̀ nílé ìdáná, màá máa bó o, màá sọ ohùn ìyàwó, màá dákẹ́ díẹ̀, màá sọ ohùn ọkọ. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́, mo máa ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń sọ nǹkan jẹ́jẹ́ ní Alákia? Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo dé ibi tí ìyàwó ti ń bẹ ọkọ gan-an ni bàálù ń bọ̀ wálẹ̀. Mo gbóhùn sókè kí n lè gbọ́ ara mi. Bó ṣe balẹ̀ báyìí, gbogbo àdúgbò pa rọ́rọ́, ohùn mi nìkan ló kù lójú afẹ́fẹ́: "Olówó orí mi, mo mọ̀ pé ẹ kì í ṣe ẹni ayé, ẹ ṣáà má fi mí sílẹ̀."

Ìyá Ìjọ gbọ́. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá rẹ̀ àti ilé ìdáná mi. Ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni, òun ló ń rán sùtánà funfun fún ìdajì àwọn ará ìjọ wọn, ó jù mí lọ dáadáa, ó sì fẹ́ràn mi. Ó kan ilẹ̀kùn, ó wọlé, ó wo ẹ̀yìn mi, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan, mà."

Àṣìṣe mi nìyẹn. Ó yẹ kí n ní orí fóònù ni mo wà.

"Kò sẹ́nì kankan." Ó tún un sọ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ orúkọ àìsàn fún. Ó bi mí bóyá mo máa ń lálàá. Mo ní mo máa ń lá. Ó bi mí bóyá mo máa ń jẹun lójú àlá. Mo ní mo jẹ mọ́ínmọ́ín níjọ́ kan. Ó mi orí títí. "Àbúrò mi, ọkọ òru nìyẹn."

Ẹ̀mí kan ni wọ́n ní ọkọ òru, tó máa ń fẹ́ obìnrin lójú oorun, tí kì í sì í jẹ́ kó rí ọkọ gidi fẹ́. Mo wá fi ara mi sípò Ìyá Ìjọ: obìnrin tó ti lé ní ogójì, tí kò lọ́kọ, ló dá dúró nílé ìdáná tó ń bẹ ẹni tí kì í ṣe ẹni ayé pé kó má lọ. Ká ní èmi ni mo gbọ́ ọ, èmi náà á sáré. Mo ṣàlàyé fún un pé iṣẹ́ mi ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ. Ó padà sí yàrá rẹ̀, mo sì ń gbọ́ ọ láti inú ògiri bó ṣe ń pe màmá mi lórí fóònù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa lọ́jọ́ náà.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, màmá mi ti kúrò ní Ìrókò. Ó wọ mọ́tò dé Ọ̀jọ́ọ̀, ó wọ òmíràn dé Iwo Road, ó wọ kẹ̀kẹ́ dé ẹnu ọ̀nà wa, òun àti ike omi kan tí Alfa àdúgbò wọn ti ka Kùránì sí. Ìyá Ìjọ ti gbé ike tirẹ̀ dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n gbé méjèèjì sórí tábìlì mi.

"Èwo ni kó kọ́kọ́ mu?" Ìyá Ìjọ béèrè.

"Tiwa ti ọ̀nà jíjìn wá, Ìyá Ìjọ," màmá mi ní. "Ẹ jẹ́ ká dá a lóhùn ná."

Mo mu nínú méjèèjì. Òùngbẹ kúkú ń gbẹ mí.

"Màmá," mo ní, "mi ò lọ́kọ òru. Ìwé ni mò ń kọ. Àkúdàáyà ni ọkùnrin yẹn, èmi ni mo dá a."

"Asitagafurulai. Ọlọ́hun nìkan ló ń dá èèyàn."

"Ẹnu ni mo fi dá a, mà. Inú ìwé ló wà."

"Kà á ká gbọ́."

Màmá mi ò gbọ́ ìtàn mi kankan rí. Ó máa ń ní òun ò wá ohun tó máa lé oorun lójú òun. Ó fẹ̀yìn ti àga, Ìyá Ìjọ náà jókòó, ó kó sùtánà tó ń ṣẹ́ etí rẹ̀ lé itan, mo sì ṣí fóònù mi. Mo ka ibi tí ìyàwó ti rí ọkọ láàárín ìyẹ̀fun igi, tó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, tó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, olówó orí mi. Ẹ kú àtọjọ́." Ibi tí mo rò pé ó dùn jù nìyẹn. Màmá mi na ọwọ́ sókè.

"Dúró ná. Ta ló ń kúnlẹ̀ fún?"

"Ọkọ rẹ̀ ni, mà."

"Nígbà tó kú, báwo ló ṣe dàgbà tó?"

"Ó ń lọ sí ọgbọ̀n ọdún."

"Kò sì dàgbà sí i?"

"Kò dàgbà, mà. Àkúdàáyà ni."

"Ìyàwó ńkọ́?"

"Ó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta."

Màmá mi kọjú sí Ìyá Ìjọ. "Ẹ bá mi gbọ́. Ìyá tó ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún ló ń kúnlẹ̀ fọ́mọ yẹn. Kí ló ń ṣe é?"

"Ọkọ ni, Ìyá Ìrókò," Ìyá Ìjọ dáhùn. "Ọkọ ni orí aya, inú Bíbélì ló wà."

"Mo gbọ́. Àmọ́ orí kì í kéré ju ọrùn lọ."

"Ọjọ́ tí wọ́n bí i la ó kà, kì í ṣe ọjọ́ tó kú. Ó ṣáà jù ú lọ nígbà tí wọ́n fẹ́ra."

"Ó jù ú lọ nígbà yẹn. Ó wá jókòó síbì kan, obìnrin ń rìn lọ. Ṣé ẹni tó jókòó ló máa ṣáájú ni?"

Wọ́n ń jà á lọ, mo jókòó láàárín wọn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Mo ti fi ọjọ́ púpọ̀ ronú nípa ojú ọkùnrin yìí, nípa aṣọ rẹ̀, nípa bí ìyẹ̀fun igi ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ apá rẹ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn rí láti béèrè bóyá "ẹ" ni kí ìyàwó pè é tàbí "o". Mo fún un ní "ẹ" nítorí ohun tí ìyàwó ń pe ọkọ nìyẹn, bí èèyàn ṣe ń fún àlejò ní omi. "Ẹ" yẹn ló ń pa á. Ó gbé e ga débi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò tó o.

"Kí ni kó wá sọ, mà?" mo bi màmá mi.

"Tó bá jẹ́ èmi?"

"Tó bá jẹ́ ẹ̀yin."

"Tó bá jẹ́ èmi, ma kọ́kọ́ wò ó látòkè délẹ̀." Ó wo àga tó ṣófo tó wà níwájú rẹ̀ látòkè délẹ̀. "Ma ní, 'Ìwọ. Ibo lo wà látọjọ́ yìí? Wo ọrùn ẹ bó ṣe rí. Ta ló ń fọṣọ fún ẹ? O ò tíì jẹun, àbí? Má purọ́ fún mi. O máa ń purọ́ pé o ti jẹun.'"

Ìyá Ìjọ tó ti la ẹnu láti fèsì pa á dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá abẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé kì í ṣe ọkọ inú ìwé ló ń bá wí mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí láti mí, kó má lọ rántí pé mo wà níbẹ̀.

"Ó máa ń purọ́ pé òun ti jẹun," màmá mi sọ fún Ìyá Ìjọ.

Ó. Mo gbọ́ ọ. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí nípa bàbá mi. Àwọn ọkùnrin tó tò lọ bẹẹrẹ lójú inú mi tú ká, ó ku ẹnì kan ṣoṣo, ebi sì ń pa á.

"Tá a bá jà, á ní òun ò jẹun," màmá mi ń bá a lọ. "Á wá gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, á jẹun yó níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ á wá ròyìn irú ẹran tó ṣà fún mi."

"Ẹ̀yin lẹ ní wọn kì í bá èèyàn jà," mo ní. Mi ò lè pa á mọ́ra.

"Èmi?"

"Ẹ̀yin, mà. Gbogbo ìgbà."

"Òkú ni. Kí ni mo fẹ́ sọ nípa òkú?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ó lè bá kẹ̀kẹ́ jà. Tí táyà bá ń yọ́ afẹ́fẹ́ lẹ́yìn tó lẹ̀ ẹ́, á gbé e kalẹ̀, á máa bú u. Àwọn oníbàárà á dúró lẹ́yìn, wọ́n á máa bẹ̀ ẹ́."

Ẹnu rẹ̀ kò dúró mọ́. Ó ní gírísì kì í kúrò lọ́wọ́ bàbá mi, pé ògiri yàrá wọn ló máa ń dì mú tó bá ń bọ́ bàtà, gbogbo ibi tó ga dé èjìká ló dúdú. Ó ní kò mọ súfèé é fun, àmọ́ súfèé ló máa ń fẹ́ fi pe òun, tó jẹ́ pé atẹ́gùn lásán ló ń jáde, òun á sì ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Ó ní alángbá ń bà á lẹ́rù. Ó ní iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ò fi bẹ́ẹ̀ dáa, pé ìjókòó kẹ̀kẹ́ tó bá tún ṣe kì í gún régé, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ nítorí ó máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo fi dàgbà tú lọ́jọ́ yẹn, n ò sì ṣàárò wọn.

"Ṣé ó rẹwà?" Ìyá Ìjọ béèrè. Ó ti gbàgbé ọkọ òru pátápátá.

"Etí ẹ̀ tóbi," màmá mi ní. "Ẹ ṣáà wo tọmọ yìí."

Àwọn méjèèjì wo etí mi. Mo fọwọ́ kàn án. Mo ti kórìíra etí yìí láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, irun ni mo fi máa ń bò ó.

Màmá mi ò padà sí Ìrókò lọ́jọ́ náà. Ó ní òun á dúró díẹ̀ kí òun rí i dájú pé ìwé lásán ni. Lọ́sẹ̀ yẹn, mo tún orí náà kọ. Ìyàwó ò kúnlẹ̀ mọ́. Ó wo ọkọ rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó ní, "Ìwọ." Ọkọ náà ta gìrì, ó ní ta ló ń pe òun níwọ, ó bínú, ó ní òun ò jẹun, ó wá lọ jẹun lọ́dọ̀ àwọn tó ń la gẹdú. Bó ṣe jókòó lórí bẹ́ǹṣì wọn, bẹ́ǹṣì ké. Ìyá Ìjọ ti di ará iṣẹ́. Bí mo bá ń sọ ohùn ọkọ nílé ìdáná tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á gbá ògiri: "Kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Èyí tó o sọ ṣáájú yẹn ló dáa." Mo fi orí náà ránṣẹ́. Ẹni tó ní kí ọkọ máa lọ sọ́run kọ̀wé pé kí ẹnikẹ́ni má dán an wò, kò gbọdọ̀ lọ síbì kankan. Òmíràn fẹ́ mọ̀ bóyá ó ní àbúrò ọkùnrin. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún màmá mi, ó sì ṣe bí ẹni tí kò kàn, àmọ́ ó ní kí n tún ti àbúrò yẹn kà.

Orí tó tẹ̀ lé e ló wá dá mi dúró. Ọmọ tí àwọn méjèèjì bí kí ọkọ tó kú ló máa wá sí Lálúpọn wá rí bàbá rẹ̀, ọmọ náà sì ti dàgbà ju bàbá lọ. Mo bó ẹ̀gúsí títí, ẹnu mi ò sọ nǹkan kan. Ìyàwó lè ní "ìwọ" fún ọkọ tó ti kéré sí i, ó ti bá a sùn, ó ti bá a jà. Ọmọ ò ṣe ọ̀kankan nínú ìyẹn. Bó bá ní "ẹ", ọmọdékùnrin ló ń kí bí àgbà. Bó bá ní "o", bàbá rẹ̀ ló ń rí fín.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí màmá mi fẹ́ padà sílé, a jókòó ti ẹ̀kọ àti àkàrà. Mo bi í.

"Ọmọ ńkọ́, mà? 'Ẹ' ni kó pè é ni, àbí 'o'? Mo ti fi ọdún tó lé ní mẹ́wàá ju bàbá mi lọ."

Bàbá mi ni mo sọ. Bàbá rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Màmá mi ò ṣe bí ẹni tó gbọ́ àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ó gé ẹ̀kọ, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ? Òun ló máa ń kí ẹ."

Mo wò ó.

"Ṣé o mọ̀ pé oyún ẹ wà nínú mi nígbà tí ìyá bàbá ẹ kú. Ó sunkún títí. Bí mo ṣe bí ẹ lóbìnrin, ó ní ìyá òun ti padà dé. Alfa ní ká má sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá ẹ ní òun ti gbọ́. Tí Alfa bá ti lọ, o tún di ìyá ẹ̀ nìyẹn. Tílẹ̀ bá ti mọ́, á wá síwájú ẹní tí o wà, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á ní, 'Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ẹ sùn dáadáa?' O máa wà níbẹ̀ tí wàá máa jẹ ọwọ́ ẹ."

Mo mọ̀ pé irú orúkọ yẹn wà lára àwọn orúkọ mi, èyí tí wọ́n ń sọ ọmọbìnrin tí ìyá àgbà kú kí wọ́n tó bí i. Ìdajì àwọn ọmọbìnrin tá a jọ wà ní kíláàsì ló ní in. Èyí tí Alfa sọ mí ni gbogbo ayé ń pè mí, mi ò sì ro ìkejì sí nǹkan kan. Èmi tí mò ń wá ẹni tó lọ tó bọ̀ káàkiri inú ìwé.

"'Ẹ' ló ń pè mí?"

"'Ẹ' ni. Kò pè ẹ́ ní 'o' rí. Tó o bá tọ̀ sí i lára, á ní, 'Ẹ ṣeun, mà.'"

Mo rẹ́rìn-ín débi pé àkàrà fẹ́rẹ̀ẹ́ há mi lọ́fun. Nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, mo bi í pé kí ni mo máa ń dá a lóhùn.

"Kí lo fẹ́ dá a lóhùn? O ò tíì lè sọ 'bà'. Èmi ni mo máa ń bá ẹ dáhùn. Ma yí ohùn padà bíi ti arúgbó." Ó yí i padà níbi tó jókòó sí, ó na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó fẹ́ gbé e lé èèyàn lórí. "'Dìde, ọmọ mi. O ó dàgbà. O ó darúgbó. O ó fọwọ́ pa ewú.'" Ó gbé ọwọ́ náà padà sórí itan. "Ìgbà yẹn nìkan ni mo lè pè é ní 'o'. Ìyàwó ni mí."

Àkàrà ń tutù níwájú wa. Ó dùn mí, ó dùn mí wọ egungun, bẹ́ẹ̀ ni mi ò fẹ́ kó dákẹ́.

"Òun ńkọ́, mà? Kí ló máa ń sọ?"

"Á ṣe àmín," ó ní. "Kò sì ní dìde àfi tí mo bá tún un sọ."